Jálábíà Fàlílù Lórí Férémù

Ní gbogbo Ìyànà Ìyẹsí, kò sí ẹni tó mọ ọ̀dà olómi í lò bí Àdìzát, ṣùgbọ́n ewé àti ẹyẹ nìkan ló máa ń yà. Fàlílù ọkọ rẹ̀ ló ní áńgẹ́lì kì í wọ ilé tí àwòrán ènìyàn bá wà. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Nígbà tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ dojú dé lọ́nà Agbára, fóònù rẹ̀ àti káàdì ibi iṣẹ́ tó ní fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo bá a lọ.

Lẹ́yìn oṣù méje, ojú ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Àdìzát. Bó ṣe ń rántí ihò imú, bẹ́ẹ̀ ni àgbọ̀n ń pòórá. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ẹni tí ikú ti mú, ṣé ó tún yẹ kí ìgbàgbé wá mú un ni?

Gbogbo aṣọ olóògbé ni wọ́n ti fi ṣe sàárà, àfi jálábíà funfun kan tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀, tí Àdìzát gbé pamọ́. Orí aṣọ yìí ló fẹ́ ya ojú náà sí. Ó sè é nínú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹfun kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ tó ní òógùn. Ó nà án mọ́ férémù. Ó lọ ẹfun kúnná, ó fi gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà pò ó bí ẹ̀kọ mímu, ó kùn ún, ó sá a, ó fi sáńpépà fá a. Ẹfun yìí ló máa ń mu ọ̀dà olómi. Láìsí i, ọ̀dà á kàn ṣàn lọ ni.

Àmọ́ àbàwọ́n ọrùn jálábíà náà kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹfun bá ti gbẹ, á tún yọ, rúsúrúsú, níbi tí ẹyinjú yẹ kó wà gan-an. Àdìzát bá aṣọ náà sọ̀rọ̀.

"Fàlílù, ṣé o ò fẹ́ ni?"

Síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Olórí kunkun ni obìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tó kun ẹfun ni àbàwọ́n náà tó bò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Alhaja Ruqoyah, ìyá Fàlílù, ti Ìjòkó dé. Àdìzát sáré dúró níwájú férémù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè fi eléyìí ṣe sàárà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ sàárà?" Ìyá àgbà bú sẹ́kún. "Ìyàwó wa, òórùn ara ọmọ mi ti ń kúrò nímú mi. Wọ́n ní o ṣì ní èyí tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Jẹ́ kí n gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Àdìzát kàn nawọ́ sí férémù.

Màmá gbé imú lé aṣọ náà, ó fà á símú títí. Nígbà tó gbójú sókè, ẹfun tí kò tíì gbẹ ti kùn ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n, Fàlílù sì ń wo ìyàwó rẹ̀ láti ojú ìyá rẹ̀, láìdín ẹyọ kan.

"Àdìzát," ni ojú náà wí, "níbo lo gbé òórùn náà sí?"