Apẹ̀rẹ̀ tí Gbénró Tò

Ẹ bá mi wo Gbénró. Ọkùnrin tó lápá, tó lẹ́sẹ̀, àmọ́ ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń wa mọ́tò fún ta ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní wọn ò lé òun, wọ́n tú òun sílẹ̀ ni. Ó bá ń lọ jókòó sí gbọ̀ngàn kan ní Ojota, níbi tí ọkùnrin oníkóòtù kan ti ń kọ́ wọn pé kò sí ìṣòro láyé, ojú tí èèyàn fi ń wo nǹkan ni ìṣòro. Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ebi ì bá má pa ẹnikẹ́ni.

Nimat ìyàwó rẹ̀, tó ń ta tòmátò ní Mile 12, ló ń bọ́ ilé. Nígbà tí odò Ògùn kún tí omi wọ yàrá wọn, Nimat àti Faridah ọmọ wọn ló ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n ọn. Gbénró ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè, ó ní àwọn olówó ń náwó kí wọ́n tó lè sùn létí òkun, tàwọn ti wá bá àwọn nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Nimat wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣe é sọ níwájú ọmọ, ló bá kàn ń gbọ́n omi rẹ̀ lọ.

Ti ilé ṣì kéré. Ẹ gbọ́ ti ọjà.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ ní Mile 12 kò ní gba tòmátò ọwọ́ rẹ láìda apẹ̀rẹ̀ náà sórí àpò, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ìsàlẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi èyí tó le bo ẹ̀sà, ìyẹn èyí tó ti rọ̀ tó ń ṣomi. Àmọ́ oníbàárà tó ti pẹ́ kì í dà á. Ìbíjọkẹ́ tó ní búkà ńlá ní Ikosi kò da apẹ̀rẹ̀ Nimat rí. Á kí i, á ní kí alábàárù gbé e, ó parí. Gbogbo ìlà tòmátò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Nimat ò sì ní ohun mìíràn tó fi ń yangàn.

Lọ́jọ́ kan, tírélà tó ń kó ọjà bọ̀ láti òkè Ọya bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tó máa fi dé, ìdajì ti di ẹ̀sà. Nimat ṣà á sọ́tọ̀. Ó fẹ́ ta ẹ̀sà ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó máa sè é lọ́jọ́ náà, kó sì sọ fún Ìbíjọkẹ́ pé èyí tó le kò pọ̀. Gbénró, tí yàrá tó tutù ti lé wá sọ́jà, ní ìyàwó òun kò ní àròjinlẹ̀. Nimat ní kó ṣáà jókòó ti ọjà, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí òun lọ kírun Àyìlá.

Kó tó dé, ọlọ́gbọ́n ti ronú. Ó da ẹ̀sà sísàlẹ̀, ó to èyí tó le sójú apẹ̀rẹ̀, ó ń dán yinrin. Ìbíjọkẹ́ dé, kò da nǹkan kan, ó sanwó, ó gbé e lọ. Nígbà tí Nimat dé tí kò bá ẹ̀sà mọ́, Gbénró dúró bí ẹni tó gba oyè.

"Ìyá Faridah, mo ti sọ ìṣòro di àǹfààní."

Nimat sáré jáde lọ́jà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ikosi, àmọ́ wọ́n ti da tòmátò sílẹ̀ ní ìdáná, omi rẹ̀ ti ń ṣàn. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó dá owó padà. Ìbíjọkẹ́ kò pariwo. Ó ní ó ti tán, ó tiẹ̀ béèrè Faridah. Ọkàn Nimat balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí Ìbíjọkẹ́ tún wá ra ọjà, Nimat fún un ní apẹ̀rẹ̀ tó dára jù. Obìnrin náà kí i dáadáa, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó sì da apẹ̀rẹ̀ náà dé. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan kò rọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìlà tòmátò ń wò wọ́n. Ojú ti Nimat débi pé kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí.

Nígbà tó délé tó sọ ọ́, Gbénró rẹ́rìn-ín. Ó ní ìpolówó ọjà ọ̀fẹ́ nìyẹn, ṣebí gbogbo ayé ti rí i báyìí pé ọjà rẹ̀ dára. Ọ̀dọ́yọ̀ èèyàn!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Gbénró ra gàrí wọlé. Ìgbà wo ló ti rà kẹ́yìn? Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nimat gbà á, ó gbé tíréè sílẹ̀, ó da gbogbo gàrí náà sínú rẹ̀, ó sì ń fi ìka tú u wò níṣojú ọmọ. Gbénró bi í pé kí ló ń wá.

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò, Bàbá Faridah. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá."

Gbénró la ẹnu. Ó wá ojú mìíràn tí òun lè fi wò ó, kò rí.