Bí Bàbá Mi Ṣe Fi Àwọn Àpáréyì Rẹ̀ Fọ́kọ

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni bàbá mi máa ń kà fún àlejò. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Àwọn méjì tó ṣáájú mi kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í béèrè oúnjẹ, wọn kò sì bá a jiyàn rí. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn wọn jù mí lọ. Àpáréyì ni wọ́n, ẹ̀rọ tó fi ń ya fótò. Èyí àgbà jẹ́ àpótí onígi lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú aṣọ dúdú tí ayàwòrán máa ń da borí. Èyí kékeré ní àpò awọ àti okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ọrùn.

Nígbà tí iṣẹ́ ṣì dùn, kò sẹ́ni tó gbéyàwó tàbí tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun láti Tchaourou dé Kika tí kò jókòó níwájú wọn. Àfi ìgbà tí tẹlifóònù dé. Gbogbo ayé di ayàwòrán, ó ku ewúrẹ́. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá ìta nílé wa, ó sì ń nu eruku ara wọn ní gbogbo àárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Ojú rẹ̀ ló kó wa sí wàhálà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí igi kaṣú ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni ń kí àgbàlagbà, "Ẹ káàárọ̀, tonton." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó da omi gbígbóná sí ìyá mi lẹ́sẹ̀ dípò inú ife, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Mo gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Dókítà ní omi inú ojú ló ń fún iṣan tó fi ń ríran pa, pé ti òsì burú ju ti ọ̀tún lọ, kí ó tètè padà wá fún iṣẹ́ abẹ, nítorí èyí tó bá kú kò ní jí mọ́.

"Mo gbọ́," bàbá mi wí. "Bon. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ mi fọ́kọ ná."

Dókítà bá a yọ̀, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó yẹ wọ́n. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà á, ṣùgbọ́n kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá lọ sábẹ́ ọ̀bẹ lè má padà wálé, òun ò sì ní fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́. "Ìwọ yìí? O ó fi èyí onígi dáná." Kò parọ́ mọ́ mi o. Mo ti ń wo ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn tipẹ́, igi rẹ̀ gbẹ dáadáa.

Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, màá ti pín gbogbo ẹrù náà. Ẹ gbà mí! Bàbá mi ní ẹni tó bá fẹ́ ọmọ òun, kí ó gbé obì wá, kí ó jókòó, kí a wádìí ilé rẹ̀ bí a ṣe ń wádìí ilé ọkọ. Ta ni bàbá rẹ? Àrùn wo ló ń ṣe wọ́n nílé yín? Ta ló ń jalè nínú yín? Àpáréyì tí kò sẹ́ni tó ń wá ló ń fi fọ́kọ o, kì í ṣe ọmọ ọba.

Olùkọ́ kan láti Alafiarou ló kọ́kọ́ wá tọrọ èyí kékeré. Obì rẹ̀ tóbi, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, inú mi ti ń dùn. Bàbá mi wá béèrè ibi tó máa gbé e sí.

"Màá gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ mi, tonton, kí àlejò máa wò ó."

"Ṣé ìyàwó rẹ náà wà lára ògiri?"

Olùkọ́ gba ọ̀nà ilé. Mo ní kí a dá obì rẹ̀ padà fún un. "Obì ìwádìí kì í padà," bàbá mi wí. Ó ti ń jẹ ẹ́.

Ẹrù wẹ́wẹ́ rọrùn díẹ̀. Aṣọ ńlá kan wà tí wọ́n ya bàálù sí, tí àwọn ènìyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà. Tata, obìnrin tó ń ta ìrẹsì lójú ọ̀nà Sanson, fẹ́ fi dí oòrùn. Mo rò pé bàbá mi á bú u.

"Ṣé àwọn ènìyàn á máa jókòó níwájú rẹ̀?" ó béèrè.

"Lójoojúmọ́, tonton."

Ó fún un. Títí dòní, àwọn onílọ́rì ń jẹ ìrẹsì níbi àtẹ̀gùn bàálù. Pásítọ̀ kan wá gba agbòòrùn funfun. Bàbá mi ṣàlàyé fún un pé kò gba oòrùn, kò gba òjò, ńṣe ló kàn ń jẹ́ kí ojú ènìyàn máa dán. "Ìyẹn gan-an ni mo ń wá," pásítọ̀ wí.

Èyí kékeré rí ọkọ níkẹyìn. Obìnrin kan láti Kika, tó ń fi tẹlifóònù ya fótò níbi ìsọmọlórúkọ, yọ ọ́ nínú àpò, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn gbé e sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi gbọ́ bó ṣe dún, ó gbé orí sókè. Mo ní kò sí fíìmù fún un mọ́ ní gbogbo agbègbè wa. Obìnrin náà ní òun á wá a dé Cotonou. Bàbá mi ṣàdúrà fún wọn, ó sunkún. Nígbà ìgbéyàwó tèmi, kò sunkún! Mo jowú àpáréyì, kí n má purọ́ fún yín.

Ó wá ku èyí àgbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Káfíńtà kan fẹ́ igi ara rẹ̀, bàbá mi sì na ọ̀pá sí i, ìlẹ̀kùn ló bà. Oṣù ń wọ inú oṣù. Wọ́n ń pè wá láti Parakou, bàbá mi sì ti ń fi ọwọ́ wá ògiri kí ó tó rí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bú gbàmù.

"Igi ni, Bàbá! Igi àti gíláàsì! Ojú lọba ara, ẹ̀yin sì ń fi ojú yín tọrọ ọkọ fún àpótí!"

"Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn," ó dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, mo yára fi ọ́ fọ́kọ. Ọkùnrin náà ní mọ́tò, n kò wádìí nǹkan mìíràn. O gbẹ́rù padà wá, o kò sì sọ ohun tí ojú rẹ rí lọ́hùn-ún fún mi títí dòní. Mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Mo kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra obì. Mo wọ bùbá bàbá mi, mo dé fìlà rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn bí ọkọ ìyàwó. Ìyá mi di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ta nìyẹn?" bàbá mi béèrè.

"Ọkọ ni, Bàbá. Mo wá tọrọ ọmọ yín onígi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó dáadáa.

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Ọkùnrin olórí kunkun kan ní Tchaourou níbí."

"Àrùn wo ló wà nílé yín?"

"Agídí."

"Ṣé wọ́n máa ń na ìyàwó nílé yín?"

Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí. Ẹ̀rín ìyá mi dá. Iyanrìn wà lẹ́nu mi.

"Wọn kì í nà á nílé wa," mo wí. "Ibi tí mo ti dé ni wọ́n ti ń nà á."

"Mo gbọ́," ó ní. "Kí lo máa fi ọmọ mi ṣe?"

Mo dìde, mo gbé àpótí náà síta, mo da aṣọ dúdú bo orí. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, fìlà nísàlẹ̀, igi kaṣú dorí kodò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí pépà kankan nínú rẹ̀ tó lè mú fótò náà. Mo kàn ń wò ó.

"Ṣé ó rí mi?" ó béèrè.

"Ó rí yín. Ẹ dorí kodò."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí gbogbo ènìyàn, títí kan mẹ́rì tó ń ṣàkóso ìlú." Ó bu obì jẹ, ó sì ní kí ìyá mi gbé báàgì òun wá.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n rí gbà là ní Parakou. Ti òsì ti kú kí a tó dé. Dókítà bá mi wí bí ẹni pé èmi ni mo ń wá ọkọ fún àpótí káàkiri. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, inú ń bí mi, mo ń sunkún, mo sì ń bú u.

"Àpáréyì, ojú mélòó ló ní?" ó bi mí.

"Ọ̀kan, Bàbá."

"Ṣé ó fọ́jú ni?"

Ó ń yí orí kiri lórí ìrọ̀rí, ó ń fi ojú kan tó kù wá mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ náà ń wá mi.

"Sún sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà," ó ní. "Láti ìgbà tó o ti padà dé, n kò tíì wò ọ́ dáadáa."

Mo nu imú mi, mo sún mọ́ fèrèsé.