Orúkọ Tí Mo Sọ Onígbàjámọ̀

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mò ń lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkàrẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọmọ mi sùn sí mi lẹ́yìn, itọ́ rẹ̀ ń rin mí láṣọ. Fóònù dún. Bàbá ọmọ mi ló pè. Ó ní, "Ó ti tì mọ́ Bọ̀ọ̀dá onígbàjámọ̀ o. Kò rí tíìmù ẹ̀ tún tò." Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lára aṣọ kí ó má baà jó o, mo wo ọ̀kánkán, níbi tí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́ kan, ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́ kejì, oníbàárà tó gẹ̀ dé ìdajì orí ń pè é látinú ilé. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Bí o kò bá ta irú eré bọ́ọ̀lù orí fóònù tí à ń ta yẹn rí, bó ṣe rí nìyí. Oníkálukú máa ṣa agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Òyìnbó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ lórí fóònù, á fi ọ̀kan ṣe kápútẹ̀nì, máàkì tìyẹn á sì di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́hùn-ún lópin ọ̀sẹ̀, ìwọ lo ni máàkì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn á tì; bí o bá ṣe to tíìmù ẹ sílẹ̀ lo máa bá a. Àwa mẹ́jọ là ń ta á, ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, èmi nìkan ni obìnrin. Kò sí ẹ̀bùn kankan. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó bá gba ipò kìíní máa sọ ẹnì kan nínú wa lórúkọ, orúkọ yẹn la ó sì máa pe onítọ̀hún títí sáà tó ń bọ̀ á fi parí.

Ní ọdún tó ṣáájú, ọdún tí mo bímọ, onígbàjámọ̀ ló ṣe ipò kìíní, èmi ni mo gbẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, orí òkè sì ni ìlú wa wà. Ó ní, "Ìyàwó wa, gbogbo orí òkè tẹ́ ẹ ń gbé yẹn, ìsàlẹ̀ lo wá já sí? Ó dáa, Ìyá Ìsàlẹ̀ ni ẹ́ láti òní lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí eré ni. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kúrò láàárín àwa mẹ́jọ, ó wọ àdúgbò. Àwọn tó ń kó aṣọ wá fún mi ń fi pè mí, wọn ò tiẹ̀ mọ ibi tó ti wá. Èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, tó pe ọmọ mi ní "Ọmọ Ìsàlẹ̀", tí ọmọ náà yíjú sí i, tó rẹ́rìn-ín, tó na ọwọ́. Ó ti gbà pé orúkọ òun nìyẹn. Ọmọ tí bàbá ọkọ mi fi omijé ayọ̀ sọ lórúkọ. Mo wọlé, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mi ò rán nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn rò pé wàhálà ọmọ ló jẹ́ kí n gbàgbé tíìmù mi ní ọ̀sẹ̀ tó já mi sísàlẹ̀ pátápátá. Mi ò gbàgbé. Mo ṣí fóònù ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, bí mo ti ń ṣe látìgbà ọyẹ́, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìgbà tó yá ni mo wádìí ẹ̀: àwọn Òyìnbó máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan bí òtútù wọn bá ń tán lọ, àwa kì í sún tiwa. Ilẹ̀kùn tó máa ń tì ní aago méjìlá wa á wá máa tì ní mọ́kànlá. Àwọn tó kù ò mọ̀, torí alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ti máa ń to tiwọn. Onígbàjámọ̀ nìkan ló máa ń dúró di àárọ̀ Sátidé, kí ó lè kọ́kọ́ gbọ́ lórí rédíò ẹni tó fara pa. Ìgbéyàwó tó lọ ní Òkè-Àgbè ló yọ ọ́ lọ́dún yẹn. Ó ti to tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọdún kan gbáko.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn tún yípo dé, òun ló wà níwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Kápútẹ̀nì ẹ̀ ti gba káàdì pupa, gbogbo wa la mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Ó sọdá wá tọrọ òwú lọ́wọ́ mi, aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa. Ó ní, "Ìyá Ìsàlẹ̀, má sáré pa ara ẹ, ẹ̀yìn mi náà lo máa wà. Aago méjìlá náà ni, àbí?" Píìnì méjì wà láàárín ètè mi. Mo lè yọ wọ́n. Mi ò yọ wọ́n. Mo kàn mi orí, mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ó mú òwú, ó lọ.

Kápútẹ̀nì mi gbá góòlù méjì wọlé lọ́jọ́ yẹn; tiẹ̀ jókòó sílé. Mo kọjá rẹ̀, kò sì bá mi mọ́ títí sáà fi parí. Nírọ̀lẹ́, bàbá ọmọ mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé o mọ̀ ni?" Mo ní mo mọ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kà la ti pàdé fún ìsọlórúkọ. Mo gbé ọmọ mi sápá, mo dìde, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ yín, Bàbá Ótitì ni yín. Ẹ sì jọ̀wọ́, ọmọ mi lórúkọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ irú ẹ̀rín tí ó jẹ́, torí mo ti rín in rí. Títí di òní, kò mọ̀ pé mo mọ̀.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló korò lẹ́nu mi: ọjọ́ tí ọmọbìnrin ẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún un, tí àwọn oníbàárà pè é ní Ọmọ Ótitì, tí ọmọ náà sorí kọ́. Mo pè é sọ́dọ̀ mi, mo bi í lórúkọ rẹ̀ gan-an, mo sì fi orúkọ náà pè é sókè kí gbogbo ọ̀kánkán lè gbọ́. Àánú ọmọ ṣe mí. Ti bàbá ẹ̀ kò ṣe mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè gbẹ̀san kó má sì jẹ́ kó kan ọmọ ẹlòmíràn, bí wọn ò tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi.

Nígbà tí ọmọ mi wá ń sọ̀rọ̀ dáadáa, a jọ ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó juwọ́ sí ọ̀kánkán, ó ní òun fẹ́ lọ kí Bàbá Ótitì. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo tún kọ́là aṣọ ẹ̀ ṣe. Mo ní, "Dádì onígbàjámọ̀ ni kí o máa pè é. Orúkọ yẹn, ọdún kan ni mo fi ṣiṣẹ́ fún un. Tèmi nìkan ni."