Ọjọ́ Tí Bàbá Alátẹ̀gùn Fipò Sílẹ̀

Bàbá fi àtàǹpàkò wá kókó okùn kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí rẹ̀. Ó rí i. Ó fi èékánná tú àkọ́kọ́, ó mí díẹ̀, ó tú ìkejì, ó sì rọra fa gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà yọ, tokùn-tokùn. Àwọn ayálégbé ń wò ó láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó gbé e lé Aránṣọ lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

"Ó tán," ó ní. "Èmi àti ìyàwó mi ti fipò sílẹ̀."

Ó wá dìde. Àṣé okùn kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ló ń bá a di ṣòkòtò mú láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá fipò sílẹ̀, ṣòkòtò náà sì fipò sílẹ̀.

Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa bàbá olóògbé. Aránṣọ, tó ń gbé nísàlẹ̀, ló sún mọ́ ọn jù, òun ló sì bá a fà á sókè. Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn: kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, ìdí ṣòkòtò bàbá lọ́wọ́ kejì.

Tọkọtaya náà ló ń bójú tó ilé alájà mẹ́rin yẹn. Ìyá ń gbálẹ̀, ó ń rí sí iná àti omi. Bàbá ń gbọ́ àròyé. Òfin kan ṣoṣo ló ní: kò gba àròyé ìdúró. Á jókòó sórí ìpele kẹta àtẹ̀gùn, á fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ẹ jókòó ná." Bí yàrá rẹ ń jóná, wàá kọ́kọ́ jókòó.

Wẹ́dà, ajórin tó ń gbé lájà kejì, sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú pọ́n, òòlù lọ́wọ́. Omi ń kán láti òkè sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Bàbá, lónìí yìí, màá fọ́ orí ẹnì kan!"

"Ó dáa. Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó!"

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ sọ ẹni náà fún mi dáadáa, kí n má baà dárúkọ ẹlòmíì fún ọlọ́pàá."

Wẹ́dà jókòó. Ó ṣòro kéèyàn ká orúnkún mọ́ àyà kó sì tún máa halẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń fi àpá iná ọwọ́ rẹ̀ han bàbá. Ìyá ti yá òòlù, ó fi ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Onílé fúnra rẹ̀ wá ṣàròyé rí. Aṣọ funfun nigínnigín. "Ẹ jókòó ná, sà." Onílé wo àtẹ̀gùn, ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ojú bàbá. Ó jókòó. Nígbà tó ń lọ, gbogbo eruku ìpele kẹta ń bá a lọ nídìí, gbogbo ilé sì ń kí i pé ó dàbọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Orúnkún ló lé bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá kan Aránṣọ. Onílé ò fi bò fún un rárá.

"Títí oṣù yìí á fi parí. Bí ariwo àwọn ayálégbé ò bá rọlẹ̀, màá gbé ilé yìí fún ilé-iṣẹ́ alábòójútó. Yàrá rẹ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì."

Inú yàrá yẹn ló ń sùn. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà.

Ó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí akọ̀wé báǹkì. Àwọn èèyàn ń dúró níwájú tábìlì, wọ́n ń pariwo lé e lórí. Ta ló ń pariwo jù? Bàbá.

Láràárọ̀. Ní ìdúró. Ọ̀pá lọ́wọ́.

"Aránṣọ! Irú ilé wo nìyí? Omi ò yọ ní kíṣìnì mi!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba tèmi jẹ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fà mí kalẹ̀."

"Mi ò mọ̀yẹn. Ayálégbé ni mí báyìí. Omi!"

Ó sáré gòkè. Ó bá Ìyá tó ń fọ abọ́. Omi ń dà ṣọ̀ọ̀.

"Omi ta ni ò yọ?" Ìyá bi í. "Ọkọ mi ò tíì fẹ̀yìn tì o. Ó kàn pààrọ̀ iṣẹ́ ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Gílóòbù ti kú. Ó ń fọ̀pá lu tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Aránṣọ wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó wá dìde nídìí tábìlì, ó lọ jókòó sórí ìpele kẹta, ó sì fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Bàbá, ẹ jókòó ná."

Bàbá fi ọ̀pá ti ara ògiri. Ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún ń ró.

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Ìdúró yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí."

"Gílóòbù wo ló kú?"

"Kò sí. Àmọ́ àtẹ̀gùn yìí tutù. Àròyé gidi nìyẹn."

"Màá rán tìmùtìmù sí i."

"Mo ti gbọ́. Màá wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti lẹ́jọ́, á jókòó. Nígbà tí oṣù fi parí, ariwo ti rọlẹ̀, onílé ò sì mú ilé-iṣẹ́ kankan wá. Aṣọ oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ Aránṣọ. Tìmùtìmù náà ń dúró de ìgbà tó bá ráyè. Bàbá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kan, kò jí mọ́.

Àwọn tó wá kí Ìyá kún inú yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó kù sì jókòó sórí àtẹ̀gùn láti òkè délẹ̀. Ìpele kẹta nìkan ló ṣófo. Wẹ́dà sọ ti òòlù. Gbogbo wọn sọ ti ṣòkòtò. Onílé dé, funfun náà ló tún wọ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá ìpele kẹta, ó sì jókòó sórí ìkẹrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

Ìyá yọjú láti òkè.

"Aránṣọ, àròyé kan ṣì wà nílẹ̀ o. Tìmùtìmù dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu.

Aránṣọ ló ṣì ń bójú tó ilé náà. Ó ti gbé tábìlì wọlé. Tìmùtìmù méjì wà lórí ìpele kẹta.