Amọ̀ Ayéwà Tó Lọ Sókè Òkun

Ara mi kì í balẹ̀. Bí ìyá mi bá ń gbàdúrà fún mi, wọ́n á ní kí Ọlọ́run jọ̀wọ́ fún ọmọ àwọn ní ìdí tí a fi ń jókòó. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni. Kábà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní kẹ́mísìrì, a kò sì tíì mọ̀ bóyá Ìlọrin ni fáìlì wa ṣì wà tàbí ó ti dé Lọ́kọ́ja. Mo fẹ́ lọ. Ibi yòówù kó jẹ́, mo ṣáà fẹ́ lọ.

Mo wá kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí amọ̀. Ó kọ̀wé padà pé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni amọ̀, ó tò léra bí ewé ẹ̀kọ, ojú lásán ni kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, ni ó ń fún mọ́ inú ẹ̀rọ kan pẹ̀lú ooru, títí yóò fi di nǹkan tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́, tí kò sì tíì di omi. Nǹkan náà á yọ́ wọ àárín àwọn pẹlẹbẹ yẹn. Bí ó bá wá tú ẹ̀rọ lójijì, afẹ́fẹ́ á ya jáde, pẹlẹbẹ á sì já kúrò lára ara wọn. Bí wọ́n bá po irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ike, ike náà á le gan-an. Ó ní kí n fi amọ̀ ilẹ̀ wa ránṣẹ́; bí pẹlẹbẹ rẹ̀ bá ṣí kúrò lára ara wọn dáadáa, òun á gbà mí láti wá kàwé sí i lọ́dọ̀ òun. Àyè kan ṣoṣo ló wà, ẹnìkan sì tún ń wá a.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, ní Ayéwà, ilẹ̀ Bùnú. Ọkùnrin kì í dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọkùnrin bá fọwọ́ kan amọ̀ náà níbẹ̀, ìkòkò ọdún yẹn á máa fọ́ nínú iná. Èmi onísáyẹ́ǹsì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àwọn ìyá Ayéwà jà? Mo bẹ ìyá mi kí wọ́n bá mi wa amọ̀ kún agolo kan, pé òyìnbó kan ń retí rẹ̀, pé ọ̀nà àtilọ mi ni. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Kábà ti ń pe èrò.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kò tíì ṣe tán. Kí ló fẹ́ ṣe tán lára amọ̀? Mo jókòó, mo dìde, mo yí ilé po. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó dì í sínú aṣọ fún mi. Mi ò tilẹ̀ tú u wò kí n tó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ jà lójoojúmọ́ pé wọn kì í wo nǹkan dáadáa kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá tó ń pín lẹ́tà ní pósófíìsì Kábà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Kí n tó kí i pé "Òkun o," bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ó ti ń mirí pé kò tíì dé. Oṣù ń gorí oṣù. Oorun mi kò já gaara, mò ń jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn.

Lẹ́tà dé. Amọ̀ kò ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀, egunrín nǹkan tí iná ti jó, òun sì ti fún ẹnì kejì ní àyè náà.

Kí n má purọ́, inú bí mi gan-an. Ọjọ́ náà gan-an ni mo wọkọ̀ lọ sí Ayéwà. Ìyá mi ń mọ ìkòkò lọ́wọ́. Mi ò kí wọn dáadáa tí mo fi bi wọ́n léèrè ẹni tó da ìdọ̀tí sínú amọ̀ tí wọ́n fún mi.

Wọ́n nu ọwọ́ wọn sí ìdí aṣọ.

"Ìdọ̀tí kọ́. Ìkòkò ìyá mi ni."

Níbẹ̀ ni mo ti wá rántí ohun tí mo ti ń wò láti kékeré. Amọ̀kòkò wa kì í lo amọ̀ lásán. Wọ́n á lọ àpáàdì ìkòkò àtijọ́ mọ́ ọn kí ó lè gba iná. Obìnrin tó bá gbé amọ̀ lásán jáde fún àlejò ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi kò sì fẹ́ fi àpáàdì ààtàn ṣe tèmi. Ìkòkò omi ìyá wọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn lára rẹ̀, ni wọ́n fọ́. Wọ́n gún un, wọ́n sì fi ọjọ́ púpọ̀ jọ̀ ọ́.

"Ṣé amọ̀ lásán ni n óò fi rán ọmọ mi lọ sí ìlú òyìnbó?"

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ojú ibi tí ìkòkò náà máa ń jókòó sí ṣì jin díẹ̀ nílẹ̀. Ojú tì mí, mo sì jókòó ti ìyá mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n rọra bi mí bóyá ìkòkò tí òyìnbó náà fi amọ̀ yẹn mọ ló fọ́ nínú iná.

Mo ní rárá, kò fọ́.