Kọnkéré Àgbàlá Ìjọ Wa

Èmi ni mo dá a lábàá pé ká fọ́ kọnkéré àgbàlá ìjọ wa ní Lichtenberg nílùú Berlin. Hamburg ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi nígbà náà, mo sì máa ń wọ rélùwéè wá síbẹ̀ ní Sátidé. Ìlú ń gba owó lórí òjò tó bá ti orí kọnkéré ṣàn wọ gọ́tà. Ẹni tó bá jẹ́ kí òjò wọlẹ̀ kò ní san án, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ń fà, wọ́n sì fẹ́ kó padà kún.

Ìyá Ìjọ ò fẹ́ gbọ́ rárá. Aláṣọ funfun ni wá, ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń wọlé.

“Ṣé inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lo fẹ́ ká máa wọ́ sùtánà gbà? Fọ́ ìdajì. Tí ẹrẹ̀ bá kan aṣọ ẹnì kan ṣoṣo, concrete ń padà síbẹ̀. Finish.”

Mo gbà. Olóríkunkun ni mí. A fọ́ ìdajì, a da òkúta wẹ́wẹ́ tí kì í gún ẹsẹ̀ sí i. Ni òjò bá kọ̀, kò rọ̀. Ọdún 2018 nìyẹn, koríko gbẹ, eruku bo ohun gbogbo. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbá orí òkúta náà kó lè mọ́ fún ìsìn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Òjò dé ní Sọ́ńdè kan bí a ṣe ń jáde. Omi dúró pa sórí òkúta, kò wọlẹ̀. Ẹrẹ̀ kan ìṣẹ́tí sùtánà Ìyá Ìjọ. Ojú tì mí gan-an.

Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ àárín òkúta. Eruku ló dí i pa, eruku tí ìgbálẹ̀ mi gbá wọ ibẹ̀. Mo lè sọ pé òjò ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìyẹn máa jẹ́.

“Mummy, ilẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Gbígbá tí mò ń gbá a ló dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n hú u, kí n fọ̀ ọ́.”

Ìyá Ìjọ wo aṣọ wọn, wọ́n wò mí. “Hú u. Òjò kan ṣoṣo ló kù fún ẹ.”

Sátidé mẹ́ta ni mo fi hú u, tí mo fi fọ òkúta. Ọwọ́ mi bó, mi ò dáwọ́ dúró.

Òjò tó tẹ̀lé e rọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ìyá Ìjọ ò gba orí kọnkéré tó kù. Orí òkúta ni wọ́n gbà, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n dúró láàárín, wọ́n yẹ ìṣẹ́tí aṣọ wọn wò. Ó funfun. Wọ́n wá bojú wo kọnkéré tí omi ń ti orí rẹ̀ ya lọ sínú gọ́tà.

“Èyí ńkọ́? Ìgbà wo lo máa fọ́ ọ?”