Ẹ Kan Ṣoṣo Lórí Pápá

Ara mi kì í gba ìjókòó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ǹṣì títí màmá mi á fi já mi léèékánná nítan. Nígbà tí mo wá di kípà, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín pé báwo ni irú mi ṣe máa dúró sójú kan fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Wọn ò mọ̀ pé kípà kì í dúró. Láti igi kan dé ìkejì ni mò ń rìn, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́, nítorí kípà nìkan ló ń rí gbogbo pápá. Òun ló gbọ́dọ̀ máa pariwo fún àwọn tó wà níwájú ẹ̀: ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa gbá dànù, èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀.

Ariwo yẹn náà ni mo fi ba ọ̀nà balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa jẹ́.

Kílọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Abuja ni, ní nǹkan bí ọdún 2015. Apá Kabusa la ti ń gbáradì, lórí pápá ilé ìwé kan tí eruku rẹ̀ pupa, tí àwọn ewúrẹ́ kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ fún wa. Àwa mẹ́ta tó jẹ́ Yorùbá la wà lẹ́yìn: èmi lójú ilé, balógun wa àti ọmọbìnrin Èkìtì kan níwájú mi. Ìdọmà ni kóòṣì wa, Yorùbá tí à ń sọ láàárín ara wa sì dùn mọ́ ọn nínú, torí ẹgbẹ́ tó bá wá láti ìlà-oòrùn tàbí òkè ọya kò ní mọ ohun tí à ń bá ara wa sọ. Ó máa ń ní, "Make una dey speak am well well. Na our wall be that."

Ògiri náà ní ibi tó ti là, àwa la ò rí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá àti màmá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi. Abuja ni wọ́n bí mi sí, gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń lá àlá, ṣùgbọ́n màmá mi ò gba ìgbàkugbà lórí ‘ẹ’ àti ‘ìwọ’. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo pe àbúrò wọn ní ‘ìwọ’. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ méjèèjì lókè, láti ìgbà tí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí. Ọmọ Èkìtì tiwa ò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ló dàgbà sí, ‘ìwọ’ ló sì ń pe bàbá tó bí i lórí fóònù, tí bàbá náà á máa dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní nílé àwọn, èrò ni wọ́n ń pè ní ‘ẹ’; ẹnìkan, ẹnìkan náà ni. Ó ní àwa Ọ̀yọ́ lè kúnlẹ̀ kí ewúrẹ́ Kabusa.

Balógun wa ní tiẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, màmá ẹ̀ ń ta bàtà sílípáàsì ní ọjà Utako. Lórí káàdì ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Èmi jẹ́ méjìlélógún, kò sì sí irọ́ nínú tèmi nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i bó ṣe máa ń di nǹkan mú kó tó lè dìde nílẹ̀ ò nílò káàdì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìntì nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń sọ ìtàn wọn. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Lórí pápá, orúkọ mi àti ìwọ. Kò gbọdọ̀ sí ‘ẹ’ kankan."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ó wò mí, ó mi orí. Bó ṣe fẹ́ náà ni mò ń kọ ọ́ níbí yìí, ‘ó’ ni mò ń pè é, ó sì ń kan ahọ́n mi síbẹ̀síbẹ̀. Inú bálùwẹ̀ ilé wa ni mo ti ń kọ́ ọ: fi í sílẹ̀, gbá a dànù, wo ẹ̀yìn ẹ. Nígbà tó máa fi pé oṣù mẹ́ta, mo lè sọ ọ́ níbi ìgbáradì láìsí pé àyà mi já.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ejẹ́ǹtì kan ń bọ̀ wá wò ó. Kílọ́ọ̀bù kan lókè òkun ń wá ẹni tó máa dúró láàárín ẹ̀yìn, wọ́n ti rí fídíò ẹ̀, ẹni tó bá sì ti lé ní ọdún mẹ́tàlélógún, wọn ò fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí ló kù fún un. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ pé bí kò bá bọ́ sí i, òun á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí sáà bá parí. Ṣe ló dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú irun funfun àti bébà lọ́wọ́. Yorùbá ni. Kò jókòó síbi tí àwọn ènìyàn ńlá ń jókòó sí. Ó gbé àga oníke kan wá sẹ́yìn ilé mi gan-an, ó ní ibẹ̀ lòun ti máa rí àwọn ẹ̀yìn dáadáa. Balógun wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí kò ní orúnkún tó ń dùn ún. A ti jẹ góòlù kan. Ó ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí bọ́ọ̀lù gíga kan ń bọ̀ láàárín òun àti ọmọ Èkìtì. Ẹ̀yìn ni balógun ń fi rìn bọ̀, ó fẹ́ fò sí i. Ọmọ Èkìtì ló dojú kọ bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló yẹ kó gbá a dànù. Mo fẹ́ kí balógun yẹra. Mo lanu.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ta lẹ́ẹ̀kan, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kejì kan orí mọ́ ọn, ó sì kọjá lókè ọwọ́ mi wọlé.

Ọmọ Èkìtì yí padà sí mi, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ lo pè. Àwa méjèèjì lo ní ká fi í sílẹ̀."

Inú bí mi, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní, "Àwọn nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé mo wá lè pè wọ́n ní ìwọ ni? Ṣé wọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa ni?"

Kò pẹ́ tó kúrò lẹ́nu mi tí mo rántí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bébà ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò. Balógun wọnú àwọ̀n, ó mú bọ́ọ̀lù, ó sì gbé e lọ sí àárín pápá fúnra ẹ̀.

Lẹ́yìn tí rẹfirí fọn fèrè, ọkùnrin náà pè mí. Ó bi mí ní ọjọ́ orí mi, mo sọ fún un. Ó ní, "Ìwé yìí sọ pé o ju balógun yín lọ. Kí ló dé tí o fi ń pè é ní ẹ?"

Ǹ bá kàn sọ pé torí pé ó jẹ́ balógun ni. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó tó bàbá mi bí ló ń fi Yorùbá bi mí, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ká bébà ẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún balógun pé wọ́n ti rí ẹlòmíì. N ò lè jókòó nílé, n ò lè gbáradì. Nígbà tó yá, mo wọ mọ́tò lọ sí Utako. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù màmá ẹ̀, ó ń to sílípáàsì ní méjì méjì. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ohun tí ọkùnrin náà bi mí fún un.

Ó bi mí pé, "Kí lo sọ nígbà tó béèrè?"

"N ò sọ nǹkan kan."

"O ò tiẹ̀ lè tìtorí mi parọ́."

"N ò lè parọ́ fún àgbàlagbà."

Ó rẹ́rìn-ín, kò dùn létí. Ó to sílípáàsì kan sórí ìkejì. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Máa pè mí ní ẹ tó bá wù ọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mọ́." Oníbàárà kan dé, ó kọjú sí i, kò sì tún wò mí títí mo fi dìde.

Ní ọdún kejì, ọkùnrin yẹn náà ló pè mí. Kípà ni wọ́n ń wá báyìí, ó sì rántí mi. Ó fi fọ́ọ̀mù síwájú mi, ó ní mẹ́tàlélógún ti pọ̀ jù, ká fi í sí ogún. Ó ní, "Kò sóhun tó le níbẹ̀, gbogbo yín lẹ ń ṣe é." Mo rò ó bóyá kí n dìde kúrò níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó yẹ kí n tìtorí ẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ, ó ń ṣe mí bí àìsàn. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì kọ ọ́.

Sáà mẹ́ta ni mo lò lọ́hùn-ún. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ọmọ Ìlọrin kan wá darapọ̀ mọ́ wa, ọmọdé gan-an ni. Àárọ̀ tó kọ́kọ́ wá síbi ìgbáradì, ó gbọ́ tí mo ń fi Yorùbá bá ara mi wí, inú ẹ̀ sì dùn. Ó sáré wá síwájú gbogbo ènìyàn, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Kó tó sọ ‘mà’ yẹn tán, mo ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, mo sì ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan gbọ́.